Bí A Ṣe Ń Gba Sáńpù Lára Táǹkì àti Páìpù Láìjẹ́ Kí Kòkòrò Kó Wọ̀ Ọ́

Nígbà tí èsì láàbù bá dé pé bakitéríà wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe, orí táǹkì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń di ẹ̀bi náà lé. Wọ́n á da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, wọ́n á fọ táǹkì láfọ̀túnfọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi fáàfù kékeré tí wọ́n fi gba sáńpù léèrè ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ikùn fáàfù yẹn gan-an ni kòkòrò ń gbé. Ẹni tó fi igbá ìdọ̀tí bu omi kò lè fi ohun tó rí nínú igbá dá kànga lẹ́jọ́.

Sáńpù gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ohun tó wà nínú táǹkì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fáàfù, tàbí ọwọ́ òṣìṣẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ inú ilé-iṣẹ́. Ìbáà jẹ́ bíà ni ẹ ń ṣe, ìbáà jẹ́ wàrà, oje èso, abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí omi oògùn, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ fáàfù tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo fáàfù ló ṣeé fi gba sáńpù tí wọ́n máa yẹ̀ wò fún kòkòrò. Ẹ wo fáàfù oníbọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ lára páìpù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì tì í, díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣàn máa há sínú ihò bọ́ọ̀lù náà, òmíràn á sì wọ àyè tó yí bọ́ọ̀lù ká. Omi tí a fi ń fọ páìpù kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Kòkòrò dé ibẹ̀, ó rí oúnjẹ, ó rí ọ̀rinrin, ó sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀la tí ẹ bá tún wá gba sáńpù, òun ló máa kọ́kọ́ bọ́ sínú ìgò.

Bí wọ́n ṣe ṣe fáàfù tó tọ́ sí iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Rọ́bà kan ló wà ní ẹnu rẹ̀ tó dí ihò pa láti ọ̀dọ̀ táǹkì. Rọ́bà yìí bá ògiri inú táǹkì dọ́gba, tàbí kó kù díẹ̀ kó bá a dọ́gba, tó fi jẹ́ pé kò sí kọ̀rọ̀ tí ohun inú táǹkì lè dúró sí kó máa bàjẹ́. Lẹ́yìn rọ́bà náà ni ikùn fáàfù wà, kékeré ni, ó sì ní ẹnu méjì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnu òkè ni sítíìmù ń gbà wọlé, ẹnu ìsàlẹ̀ ni sítíìmù àti omi rẹ̀ ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni sáńpù ń gbà bọ́ sínú ìgò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé táǹkì lè kún dẹ́nu, kí iṣẹ́ máa lọ nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi sítíìmù se ikùn fáàfù lẹ́yìn rọ́bà tó wà ní títì, láìsí pé ohun inú táǹkì fara gbá nínú rẹ̀.

Irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 316L, ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán. Ra ni wọ́n fi ń wọn bí ojú irin ṣe rí págunpàgun tó, µm kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Nínú iṣẹ́ oúnjẹ, Ra 0.8 µm ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Iṣẹ́ oògùn sábà máa ń béèrè ohun tó dán ju ìyẹn lọ, bíi 0.4 µm. Ojú irin tó rí págunpàgun ń fún kòkòrò níbi tí ó máa dì mú, omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ á sì kọjá lórí rẹ̀ láì gbé e.

Rọ́bà ló máa ń fa wàhálà jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ yàn án. EPDM, ìyẹn irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, máa ń fara da sítíìmù àti sódà kọ́sítìkì dáadáa, ṣùgbọ́n òróró àti ọ̀rá máa ń mú un wú. Silikoni rọ̀, ó sì ń dí ihò pa dáadáa, ṣùgbọ́n sítíìmù tó pọ̀ lápọ̀jù àti ásíìdì líle máa ń bà á jẹ́. PTFE, irú pílásítíìkì kan tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Teflon, kò bìkítà fún kẹ́míkà púpọ̀, àmọ́ ó le, bí nǹkan bá sì ti ha á lára, ó lè máa jò. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan ọlọ́ràá tó sì lọ ra EPDM torí pé òun ló wà ní ìkáwọ́, kò ní pẹ́ tí fáàfù rẹ̀ á fi máa kán tótó.

Ibi tó yẹ kí fáàfù wà

Lára táǹkì, ògiri ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, ní ibi tí ohun inú táǹkì ti ń yí pọ̀ dáadáa. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ẹ máa gbà. Bó bá súnmọ́ òkè jù, ìfófòó ni. Ẹ fi sí gíga tí òṣìṣẹ́ lè dé láì gun àkàbà, nítorí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan di àkàbà mú kò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù ṣe iṣẹ́ yìí kó mọ́.

Lára páìpù, ẹ̀gbẹ́ páìpù ló dára jù, kí ẹnu ìsàlẹ̀ fáàfù kọjú sí ilẹ̀ kí omi lè ṣàn tán kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sí iwájú ẹ̀rọ tó ń fa omi, níbi tí ìfúnpá inú páìpù ti lè kéré ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ. Bí ẹ bá ṣí fáàfù níbẹ̀, sáńpù kò ní jáde. Afẹ́fẹ́ ìta ló máa wọlé, tòun ti kòkòrò rẹ̀, lọ sínú ohun tí ẹ ń ṣọ́. Bákan náà ni fún táǹkì: kí ẹ tó ṣí fáàfù, kí ìfúnpá inú táǹkì ju ti ìta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn wẹ́dà máa ń ṣe tí kò dára: wọ́n á jó páìpù kúkúrú kan mọ́ táǹkì, wọ́n á wá so fáàfù mọ́ ìparí rẹ̀. Páìpù kúkúrú yẹn ti di kọ̀rọ̀ tí nǹkan ń dúró sí. Ìlànà ASME BPE ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1997 fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ oògùn, ní kí a gbìyànjú kí gígùn irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ inú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lè mú un dé òdo, ẹ mú un dé òdo.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa lò sí tòsí: ìgò tí wọ́n ti sè nínú ọ́tókíléfù (ìkòkò sítíìmù tó ń pa kòkòrò), ìbọ̀wọ́ tó ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ ooru, ìbọ̀wọ́ mímọ́ fún gbígba sáńpù fúnra rẹ̀, awò ìdáàbòbò ojú, họ́ọ̀sì sítíìmù, họ́ọ̀sì tó máa gbé omi gbígbóná lọ sínú gọ́tà, àti sípírítì 70%. Ẹ kọ lébù ìgò báyìí, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì gbẹ: nọ́ńbà táǹkì, nọ́ńbà fáàfù, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ara ìgò ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìdérí ìgò kan lè bọ́ sórí ìgò mìíràn ní láàbù, ara ìgò kò sì lè ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹ wo fáàfù náà dáadáa. Bí ohun inú táǹkì bá ti gbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fún un ní sítíìmù. Ohun tó ti gbẹ mọ́ irin máa ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀, sítíìmù kò sì ní ráàyè dé ara rẹ̀.

Sítíìmù

Ẹ kọ́kọ́ tú omi tutù tó wà nínú páìpù sítíìmù dànù títí tí sítíìmù gidi fi máa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ so họ́ọ̀sì sítíìmù mọ́ ẹnu òkè, kí ẹ sì so họ́ọ̀sì gọ́tà mọ́ ẹnu ìsàlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé méjèèjì dì dáadáa. Họ́ọ̀sì tó bá já nígbà tí sítíìmù wà nínú rẹ̀ lè bó èèyàn lára ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ má ṣe so ó ní ìdàkejì o. Sítíìmù fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá gba òkè wọlé, á máa ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀ jáde, omi tó ń ti ara rẹ̀ jáde náà á sì máa ṣàn lọ. Bí ẹ bá so ó láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sókè nínú ikùn fáàfù. Géèjì á sọ pé ìfúnpá ti pé, ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ há sí kò ní gbóná tó, kòkòrò tó wà níbẹ̀ á sì yè. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ tó dà bíi pé a ṣe é dáadáa fi ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó fura.

Ẹ ṣí sítíìmù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ohun tó ń jáde nísàlẹ̀. Omi ló máa kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, á máa tu omi pẹ̀lú sítíìmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń húkọ́. Tó bá yá, á jáde geere. Ẹ wo ẹnu họ́ọ̀sì náà láti ọ̀ọ́kán: bí sítíìmù bá ti gbẹ dáadáa, ojú kò ní rí nǹkan kan ní ìdí ẹnu họ́ọ̀sì gan-an, níwájú díẹ̀ ni èéfín funfun á ti bẹ̀rẹ̀. Bí funfun náà bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu họ́ọ̀sì, tí omi sì ń ta sílẹ̀ nínú rẹ̀, omi ṣì pọ̀ nínú sítíìmù yín. Ẹ má ṣe tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago.

121 °C fún ìṣẹ́jú 15 ni òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Sítíìmù tí afẹ́fẹ́ kò pò mọ́ máa ń dé 121 °C nígbà tí géèjì bá wà ní nǹkan bíi 1 bar (bar ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfúnpá). Ní nǹkan bíi 2 bar, á dé 134 °C, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé olùṣe fáàfù lè sọ pé àkókò tó kéré sí ìṣẹ́jú 15 tó, torí pé ikùn rẹ̀ kékeré. Ẹ lè gbà bẹ́ẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ yín bá ti fi àyẹ̀wò tirẹ̀ rí i pé lóòótọ́ ni. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago láti ìgbà tí ẹ ṣí sítíìmù. Ìgbà tí ẹnu ìsàlẹ̀ bá dé ìwọ̀n ooru yẹn ni aago ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ń gbóná kẹ́yìn. Ohun ìwọ̀n ooru kékeré tí a so mọ́ ara ẹnu ìsàlẹ̀ wúlò ju géèjì mẹ́ta tó wà lókè lọ.

Ní ilé-iṣẹ́ oògùn, sítíìmù tí wọ́n fi omi mímọ́ sè ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń ti bọ́ílà wá tààrà, torí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi bọ́ílà lè bá sítíìmù wọlé.

Ẹ jẹ́ kó tutù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹnu rẹ̀

Bí ẹ bá ṣí fáàfù nígbà tó ṣì gbóná janjan, irin gbígbóná náà á pa kòkòrò tó wà nínú ohun tó kọ́kọ́ ṣàn jáde. Láàbù á ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀yin náà á sì fọkàn balẹ̀ lórí irọ́. Ewu yìí kò kéré sí ti èsì tó ń kéde kòkòrò tí kò sí níbẹ̀. Mo tilẹ̀ rí i pé ó burú jù, torí pé ohun tó bàjẹ́ á lọ sọ́wọ́ ẹni tó máa lò ó.

Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ tutù. Àmọ́ nígbà tí sítíìmù inú ikùn fáàfù bá ń tutù, á di omi, àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ á sì ṣófo. Òfìfo yẹn á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ibikíbi tó bá ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti tú họ́ọ̀sì, tí ẹnu méjèèjì sì ń wo afẹ́fẹ́ ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15 ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ti sítíìmù. Ẹ dúró kí ìfúnpá lọ sílẹ̀ tán. Kíákíá tí ẹ bá ti tú họ́ọ̀sì, ẹ fi ìdérí mímọ́ dé ẹnu òkè, kí ẹ sì so ìgò sáńpù mọ́ ẹnu ìsàlẹ̀. Bí ìgò náà bá ní asẹ́ afẹ́fẹ́ 0.2 µm, ipasẹ̀ asẹ́ yẹn nìkan ni afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, bakitéríà kò sì ní lè kọjá nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìgò tòun ti họ́ọ̀sì rẹ̀ ti wà lẹ́nu fáàfù láti ìgbà tí sítíìmù ti ń kọjá, bí wọ́n bá ṣe é fún irú rẹ̀.

Gbígba sáńpù

Ẹ fi sípírítì nu ìbọ̀wọ́ àti àyíká ẹnu fáàfù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀. Ìfúnpá táǹkì lè jẹ́ kí ó ta jáde. Omi díẹ̀ tó kù nínú ikùn fáàfù lẹ́yìn sítíìmù lè bomi la sáńpù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìṣàn àkọ́kọ́ lọ sínú ohun mìíràn mímọ́, kí ẹ tó gba èyí tó ń lọ sí láàbù.

Bó bá jẹ́ ìgò tó lanu sílẹ̀ ni ẹ ń lò, ẹ má ṣe gbé ìdérí rẹ̀ lé orí tábìlì. Ọwọ́ ni kó wà, kí inú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ dagun ìgò díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ súnmọ́ fáàfù láì fara kàn án. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má wúkọ́ sórí rẹ̀. Ẹ kún un dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí pé láàbù ní láti mì í kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgò gíláàsì tó dé pa tí kò ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde kò gbọ́dọ̀ so mọ́ táǹkì tí ìfúnpá wà nínú rẹ̀ láé. Ó lè bú gbàmù lójú ẹni tó dì í mú.

Lẹ́yìn sáńpù

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ìdí sì nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn: ẹ tún fún fáàfù ní sítíìmù lẹ́yìn tí ẹ bá gba sáńpù tán. Ohun inú táǹkì ti kan ikùn fáàfù báyìí. Wàrà tó kù níbẹ̀ á kan, oje èso á hó, bakitéríà á sì lẹ̀ mọ́ irin títí á fi di ìpele kan tó ń yọ̀, tí sítíìmù ọ̀la á ní láti jà láti ráàyè wọ̀. Ẹ ti fáàfù pa, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ikùn rẹ̀ kí ìyókù nǹkan náà má baà sè mọ́ irin, kí ẹ tó fún un ní sítíìmù. Lẹ́yìn náà, ẹ dé ẹnu méjèèjì. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti ń parí fún á fẹ́ sá lọ sílé lẹ́yìn tí ìgò bá ti kún. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti fi ìgbésẹ̀ yìí sínú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ẹ gbé sáńpù lọ sí láàbù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi sínú ohun tó tutù, láàrin 2 sí 8 °C, ẹ má jẹ́ kó di yìnyín, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí 24 tó pé. Sáńpù tó jókòó síbi tó gbóná ti di táǹkì kékeré mìíràn tí nǹkan ń hù nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń fọ táǹkì, ẹ ṣí fáàfù sáńpù náà fún ìgbà díẹ̀ kí omi sódà gbígbóná kọjá nínú rẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi ìṣanṣan bá ń kọjá.

Bí kò bá sí sítíìmù

Sípírítì 70% ni èyí tó kù. Ẹ dí ìsàlẹ̀, ẹ fi sírínjì tàbí ìgò ìfúnta tú u láti ẹnu òkè títí tó fi kún ikùn fáàfù, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó jẹ́ kó ṣàn dànù. Ẹ má rò pé 96% máa dára ju 70% lọ. Omi tó wà nínú 70% ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú kòkòrò. Ẹ rántí pé sípírítì kò lè pa bakitéríà tó ti wọ inú èèpo líle tirẹ̀, irú èyí tí a mọ̀ sí spore. Fún ohun tí wọ́n máa gún sí èèyàn lára, kò tó. Ẹ sì da èyí tó pọ̀ díẹ̀ nù nínú ìṣàn àkọ́kọ́, torí sípírítì tó bá ṣẹ́kù á pa kòkòrò inú sáńpù.

Sípírítì kò gbọ́dọ̀ kan fáàfù tó gbóná. Ní ti iná tọ́ọ̀ṣì gáàsì tí àwọn kan ṣì ń fi jó ẹnu fáàfù, èmi kò fara mọ́ ọn. Ó ń sun rọ́bà, kì í dé inú ikùn fáàfù, níbi tí ọtí tàbí sípírítì bá sì wà nítòsí, ìjàǹbá ló ń pè.

Táǹkì ni àbí fáàfù?

Bí èsì burúkú bá dé, kí ẹ tó da ohunkóhun nù, ẹ ṣe èyí. Ẹ gba ìgò mẹ́ta tẹ̀ léra láti ẹnu fáàfù kan náà, láì tì í, láì fún un ní sítíìmù láàrin wọn, kí láàbù ka iye kòkòrò inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí ti ìgò kìíní bá pọ̀, tí ti ìkejì dín kù, tí ti ìkẹta sì kéré jù, inú fáàfù ni kòkòrò wà; ohun tó ń ṣàn ló ń fọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí iye wọn nínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, inú táǹkì tàbí páìpù ni ẹ ti máa wá a.

Àyẹ̀wò kejì dá lórí fáàfù nìkan. Ẹ se é ní sítíìmù bí ẹ ṣe ń ṣe, ẹ fi í sí títì, kí ẹ wá da omi tí kò ní kòkòrò gba ẹnu òkè kọjá sínú ìgò mímọ́ nísàlẹ̀. Bí nǹkan bá hù nínú omi yẹn ní láàbù, sítíìmù yín kò ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ há sí, ẹ wo bóyá họ́ọ̀sì ti gùn jù, kí ẹ sì wo rọ́bà.

Pípààrọ̀ rọ́bà

Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ìwé olùṣe là sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń jò. Ibi tí wọ́n bá ti ń lo sítíìmù lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ó yá ju ohun tí ìwé sọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ tú ohun inú táǹkì sílẹ̀, kí géèjì wà ní òdo, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i pé òfìfo ni, kí ẹnikẹ́ni tó tú orí fáàfù. Ẹ fa rọ́bà jáde, ẹ fi ìka kàn án káàkiri lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀: bó bá ti sán, bó bá le ní apá kan, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà tàbí bí ojú ìjókòó rẹ̀ bá ti jìn wọ inú ara, ìgbà rẹ̀ ti pé. Bí ẹyọ kan bá já kúrò lára rẹ̀, ẹ wá ẹyọ náà rí. Inú ohun tí ẹ ń ṣe ló ṣeé ṣe kó wà. Ẹ má fi irin ha ìjókòó fáàfù. Ẹ má fi gírísì epo rọ̀bì pa EPDM lára, á wú. Ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ dì í dé ìwọ̀n tí olùṣe sọ, ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó ní ìfúnpá dán an wò, ẹ fún un ní sítíìmù lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún fi omi dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Rọ́bà tí kò jò nígbà tó tutù lè jò lẹ́yìn tó bá ti gbóná rí, ó sì sàn kí omi lásán kán jáde níwájú yín ju kí ó jẹ́ ohun tó wà nínú táǹkì.